Ọdún Tí Dígí Ọkọ̀ Akẹ́rù Sọ Mí Di Igi Ìgbálẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀, n kì í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, nítorí kò sí èyí tó kọ́ mi. Inú dúrọ́ọ̀mù omi ni mo ti kọ́ apá kan rẹ̀, ara ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo ti kọ́ apá kejì, àwọn méjèèjì sì wà nínú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀wọ̀, lọ́dún tí wọ́n mú mi kúrò ní Imeri kí n lè wá parí ìwé mẹ́fà. Ìyókù, èmi fúnra mi ni mo fi rúlà àti ṣíbí wá a kiri títí orí mi fi funfun. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n jókòó ti àlejò níbi oúnjẹ mọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé kí ọbẹ̀ tó dé, màá ti na ṣíbí sí onítọ̀hún lójú, màá ní, "Ẹ wo inú rẹ̀, ṣé ẹ rí i pé ẹ ti dorí kodò? Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀." Wọ́n ní mò ń tì wọ́n lójú. Ìtìjú wọn kò ṣe nǹkan kan fún mi.

Wolé-wolé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ìjọba ti gba kẹ̀kẹ́ àti àpò iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba ojú wolé-wolé lọ́wọ́ wolé-wolé. Nígbà tí gbogbo ará Ọ̀wọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ará ilé rẹ̀ nìkan ló kù. Láràárọ̀ Sátidé, a ó kọ́kọ́ gbọ́ bàtà rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kọ̀, kọ̀, kọ̀, yóò yí gbogbo ilé ká, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò ní, "Ẹ kú ilé o. Wolé-wolé dé." Màmá Ọ̀wọ̀, ìyàwó rẹ̀, yóò dáhùn láti ìdí odó, "Ẹ padà wá lọ́la. Onílé ò sí nílé." Odó kò ní tìtorí ìyẹn dákẹ́. Gbì, gbì, gbì ni yóò máa dún lọ, nítorí iyán ni a ń jẹ nílé náà lọ́sàn-án, bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn. Ó ní ọjọ́ kan tí Bàbá rí ìdin ẹ̀fọn mẹ́ta nínú ìkòkò omi, ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Màmá Ọ̀wọ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ìwé náà dára, ó sì fi dáná. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà dùn púpọ̀.

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí Bàbá kò dá padà ni dígí ìfárùngbọ̀n rẹ̀. Ó rí roboto, ó tóbi tó àwo ìjẹun, ojú rẹ̀ sì jinnú díẹ̀ bí àwo tí kò ní omi. N óò ṣàlàyé ohun tó ń fi í ṣe, nítorí ó yẹ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n. Inú ìkòkò omi ṣókùnkùn, èèyàn kò sì lè ti àtùpà bọ inú omi mímu. Àwọn wolé-wolé a máa dúró nínú oòrùn, wọ́n á fi dígí gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n á sì dà á sẹ́nu ìkòkò. Dígí pẹrẹsẹ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá ń lò. Bàbá ló ṣàkíyèsí pé dígí tó jinnú a máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan: ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tó àwo yóò fún pọ̀ di ìwọ̀n bọ́tìnì ẹ̀wù, ìdin ẹ̀fọn tó bá sì wà lábẹ́ irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tó máa sá sí. Mo ti fi rúlà wọn dígí náà lẹ́yìn ìgbà náà. Ogójì sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń kó jọ. Ẹ fi ogójì yẹn sọ́kàn, ó máa tó kó wa sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n omi ni mo kọ́kọ́ kọ́. Sátidé kan, Bàbá tẹ̀ sórí dúrọ́ọ̀mù ńlá tó wà lábẹ́ òrùlé, ó fẹ́ pariwo pé ta ló fi ife tí kò mọ́ bu omi. Bó ṣe la ẹnu báyìí, eyín iwájú rẹ̀ kan, tí wọ́n ṣe fún un nílé ìwòsàn, jáde, ó já sínú omi, ó lọ sílẹ̀. A rí i níbẹ̀, ó funfun báláú, ó sún mọ́ tòsí bí ohun tí èèyàn á kàn nawọ́ mú. Bàbá ká apá ẹ̀wù dé ìgúnwọ́. Omi dé ìgúnwọ́, kò kan eyín. Ó ká a dé èjìká. Omi dé èjìká, kò kan eyín. Ó ní, "Ó kù díẹ̀," ó tún tẹ̀ sí i. Ìgbà tí mo máa fi wo ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì ti ń wo ojú ọ̀run, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá Ọ̀wọ̀ ju ọmọ odó sílẹ̀, èmi àti òun di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, a fà á jáde. Ó jókòó sílẹ̀, omi ń kán ní imú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fọn fèrè ní ibi tí eyín ti yọ.

Ó ní, "Omi yìí purọ́ fún mi."

Màmá Ọ̀wọ̀ ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá wolé-wolé, ta ló ti orí àti irùngbọ̀n bọ omi mímu nínú ilé yìí? Ṣé kí n kọ ìwé ìkìlọ̀ ni, àbí kí n mú un lọ sí kóòtù?"

Bàbá nu omi kúrò lójú, ó dìde. Ó ní kí n gbé abọ́ kan wá, ó ju bọ́tìnì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n máa fà sẹ́yìn títí etí abọ́ á fi bo bọ́tìnì náà lójú mi. Mo fà sẹ́yìn, bọ́tìnì wọ̀. Ó ní kí n má mira. Ó rọra da omi sínú abọ́, bọ́tìnì tí n kò rí mọ́ sì gòkè wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yọjú sí mi. Mo kígbe. Ó pe orúkọ mi, ó ní, "Dúpẹ́, bọ́tìnì kò kúrò níbi tó wà. Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ nígbà tó ń ti inú omi jáde sínú afẹ́fẹ́. Ojú rẹ kò mọ̀ pé ó tẹ̀, ó rò pé tààrà ló ti wá." Mo ti wọ̀n ọ́n láìmọye ìgbà: bí a bá wo omi láti òkè, èyí tó jìn ní igbọ̀nwọ́ mẹ́rin ni ojú yóò rí bíi mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni omi ń bù jẹ. Ìdá kan yẹn ni Bàbá kò kà kún un tó fi wọ dúrọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ náà, n kò fẹ́ padà sí Imeri mọ́. Mo fẹ́ wà nítòsí ọkùnrin tó lè ṣubú sínú omi kó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀kọ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ìyá mi. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó bí, kò sì fẹ́ kí n lọ rárá. Bàbá mi ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, tó sì fi májẹ̀mú sí i: bí òun bá gbọ́ pé mo rù, ọjọ́ náà ni òun máa wá mú mi, ìdánwò ìwé mẹ́fà ìbáà ku ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá sì ti sọ, òkúta ni. N kò rò pé ó lè kàn mí, nítorí pé pẹ̀lú iyán Màmá Ọ̀wọ̀, àkàrà òwúrọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ìrọ̀lẹ́, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi ti já lábíyá lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ ló kó bá mi. Ewúrẹ́ Màmá Ọ̀wọ̀ wọ inú ilé lọ́jọ́ kan, ó rí ewúrẹ́ mìíràn nínú dígí ńlá tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó kí i, èyí kò dáhùn, ó kàn án. Dígí fọ́ yángá. Bàbá gba ọ̀nà Benin lọ, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó máa ń tú ọkọ̀ akẹ́rù palẹ̀, ó sì gbé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan bọ̀, ó gùn tó apá ọmọdé, ojú rẹ̀ sì yọ síta bí ikùn ẹni tó yó.

Ó kàn án mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ kọjú sí i, ó jókòó, inú rẹ̀ sì dùn bí inú ọba. Irú dígí tó yọ ikùn bẹ́ẹ̀ a máa rí ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láìdìde lórí àga, Bàbá ń rí ilé ìdáná, ó ń rí dúrọ́ọ̀mù, ó ń rí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń rí géètì. A óò wà ní ẹ̀yìnkùlé, a óò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀ọ̀dẹ̀: "Dúpẹ́! O kò fọ ọwọ́!" Màmá Ọ̀wọ̀ ní láti ọjọ́ tí dígí náà ti wọlé, òun kò lè tọ́ ọbẹ̀ òun wò ní àlàáfíà mọ́. Ṣùgbọ́n bí irú dígí yìí ti ń kó ohun púpọ̀ sójú kan náà ló ń sọ wọ́n di kékeré, kò sí bí yóò ṣe gbà wọ́n bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí Bàbá gbé wá tún ní àbùkù tirẹ̀, tí mo mọ̀ nígbà tí mo gbé rúlà lé e: ó tẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì ju bó ṣe tẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, gíga ènìyàn dín díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ dín ju ìdajì lọ. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ di igi ìgbálẹ̀ tó gbé orí.

Alàgbà Tìmótì, ará Imeri tó ń ṣe alàgbà nínú ìjọ wa, yà sọ́dọ̀ Bàbá lọ́jọ́ kan, Bàbá sì fi í sórí àga yẹn láti bọlá fún un. Mo gbé omi wá fún un láti ilé ìdáná. Bí mo ti ń bọ̀, inú dígí ni bàbá àgbà náà ti rí mi, kò tilẹ̀ yíjú wò mí nígbà tí mo kúnlẹ̀, ó kàn ń mi orí, ó ní, "Olúwa á dá sí i." Mo rò pé àdúrà lásán ni. N kò mọ̀ pé ó ti ń gbé ìròyìn lọ sí Imeri. A ò mọ ohun tó sọ fún ìyá mi gan-an, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ó sọ pé ọrùn mi kò tó ohun tí orí lè jókòó lé.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá mi fi dé. Ọ̀sán ni. Bàbá wà lẹ́yìnkùlé, Màmá Ọ̀wọ̀ wà nídìí odó, èmi ń bó iṣu. Ìyá mi wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àga àkọ́kọ́ tó rí. Ẹ mọ àga náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sáré wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ohun tó rí nínú dígí ni igi ìgbálẹ̀ kan tó gbé ọ̀bẹ tó ń sáré bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Yéè! Wọ́n ti pa ọmọ mi! Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Alàgbà, ẹ ò tilẹ̀ sọ ìdajì!"

Mo ní, "Màmá, èmi nìyí, ẹ wò mí!" Ó yíjú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àgbálùmọ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni mìíràn á ti rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Wíwú ni. Ó ti wú. Ebi ló máa ń mú ọmọ wú báyìí. Lọ di ẹrù rẹ."

Màmá Ọ̀wọ̀ ti wọlé pẹ̀lú ọmọ odó ní èjìká. "Ìyàwó, kí lo sọ? Ebi? Nínú ilé tèmi? Ọmọ tó jẹ àkàrà mẹ́jọ láàárọ̀ yìí, tó ní òun ò yó!"

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Àkàrà mẹ́jọ yẹn, níbo ló gbà? Ẹ wò ó nínú dígí! Dígí kì í ṣe ará ilé ẹnikẹ́ni, kò ní ojúsàájú."

Mo rí i pé bí n kò bá gbé ọgbọ́n dìde, Imeri ni màá sùn lọ́jọ́ náà, ìdánwò á sì lọ. Mo sáré mú ṣíbí, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án, mo ní kó wo bí òun náà ti kéré nínú rẹ̀. Ó ní ṣíbí ni ṣíbí ń jẹ́, ta ló ń wojú nínú ṣíbí? Ni mo bá ṣe àṣìṣe tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan máa ń ṣe: mo mú ẹ̀rí tó tóbi ju ẹjọ́ lọ wá. Mo gbé dígí ìfárùngbọ̀n Bàbá, mo fi sí iwájú ìyá mi gan-an. Nítorí ó wà nítòsí ju ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ, imú rẹ̀ tóbi bí igbá nínú rẹ̀. Ó ní, "Èmi nìyí?" Mo ní, "Ẹ rí i pé dígí ń purọ́. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀." Ó fà sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pòórá nínú dígí, ó di èéfín. Ó tún fà sẹ́yìn. Èéfín náà là, ó sì di ìyá mi, gèlè nísàlẹ̀, àgbọ̀n lókè.

Igbe tó ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Idoani. "Ta ló dorí mi kodò? Orí mi kò ní dojúdé! Ọlọ́run kò ní jẹ́! Dúpẹ́, fi ẹrù náà sílẹ̀, a ó ra òmíràn, jáde nínú ilé yìí!"

Igbe yẹn ló mú Bàbá wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí n dúró láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀ kí n má mira, ó ní kí ìyá mi padà jókòó sórí àga, ó wá yọ dígí ọkọ̀ akẹ́rù kúrò lára ìṣó, ó yí i dùbúlẹ̀, ó dì í mú síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ wò ó báyìí."

Ibi tó tẹ̀ jù kò wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́, ó ti di òkè àti ìsàlẹ̀. Gíga ló wá ń bù jẹ báyìí. Igi ìgbálẹ̀ ti lọ. Ohun tó dúró láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀ ni elégédé kan tó wọ aṣọ mi, ó kúrú, ó fẹ̀, ọrùn kò sí. Ìyá mi wò mí, ó wo dígí, ó tún wò mí. Bàbá yí dígí dìde, mo di igi ìgbálẹ̀. Ó yí i dùbúlẹ̀, mo di elégédé. Ìyá mi ní, "Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná. Èwo ni ọmọ mi nínú àwọn mẹ́ta yìí?"

Kò dúró de ìdáhùn wa. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fa okùn òwú kan jáde tó ní kókó méjì. N kò mọ̀ pé òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, nígbà tí mo ṣì ń sùn, ó ti fi okùn náà wọn apá mi, ó sì ta kókó síbi tó pàdé. Kò mọ̀wé, kò ní téèpù, ṣùgbọ́n kò fi ọmọ ránṣẹ́ láìmú ìwọ̀n. Ó yí okùn náà ká apá mi. Kókó méjèèjì kò pàdé mọ́. Àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìka kan àbọ̀. Ó tún un wọ̀n ní apá kejì. Ìka kan àbọ̀ náà ni. Ìyá mi ká okùn náà, ó dì í padà sí etí ìró, ó kúnlẹ̀ fún Màmá Ọ̀wọ̀. Màmá Ọ̀wọ̀ ní, "Dìde jàre. Iyán ti ń tutù."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, mo ṣàkíyèsí pé ìyá mi ń rìn kọjá ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá ti gbé dígí padà sórí ìṣó, ó dúró ṣánṣán. Ìyá mi á kọjá lọ, á kọjá bọ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ kan wò ó.

Màmá Ọ̀wọ̀ ní, "Ìyàwó, kí lò ń wá?"

"Ìyálé mi, ẹ wo ìbàdí mi. Báyìí gan-an ni mo ṣe rí lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ."

"Irọ́ lò ń pa. Sún." Màmá Ọ̀wọ̀ náà dúró tì í. Àwọn méjèèjì yípo lápá ọ̀tún, wọ́n yípo lápá òsì, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọ odó ṣe ẹ̀rí fún ara wọn ní ọ̀sán, wọ́n wá ń di ìró wọn mú bí wúńdíá. Bàbá ń ké láti orí àga, "Ẹ kúrò lójú dígí! N kò rí dúrọ́ọ̀mù mọ́!" Ìyá mi wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo fi ọmọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kó kàwé títí dé ibi tí ìwé bá pin. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní dígí." Bàbá gbójú sókè, ó ń wo àjà, ó ń wá èsì. Kó tó rí i, ìyàwó rẹ̀ ti yọ dígí náà, ó ti fi aṣọ wé e, ó ti gbé e sínú agbọ̀n ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ni Màmá Ọ̀wọ̀ ti ń tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò ní àlàáfíà.

Mo sin ìyá mi dé ibi tí ó ti wọ bọ́ọ̀sì. Ìjókòó ẹ̀yìn ló jókòó sí. Kò gbá mi mọ́ra, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó kàn ní kí n máa jẹun. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo tẹ̀lé e díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ nínú gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó tú aṣọ lára dígí, tó gbé e sókè síwájú ara rẹ̀ bí awakọ̀, mo sì mọ̀ pé gbogbo òpópónà Ọ̀wọ̀ ló wà nínú rẹ̀, okada, àgbàlagbà, ọmọdé, gbogbo wọn tín-ín-rín, èmi sì ni mo kéré jù. Mo juwọ́ sí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ tó yà, mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì yí dígí náà dùbúlẹ̀.